Ooru Ìjókòó Iwájú

Fáàfù kẹta nìyí tí mo yọ kúrò lára ọkọ̀ bàbá mi, inú sì bí mi débi pé mo sọ súpánà mọ́lẹ̀. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Kí ni fáàfù hítà? Ilẹ̀kùn kékeré lásán ni. Òun ló ń dá omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì dúró, kó má wọ hítà tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ooru. Èmi mẹkáníìkì tí mo ń tú odidi ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí mo sì ń tò ó padà, nǹkan bíńtín yìí ló wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo bá de tuntun mọ́ ọn, á ṣiṣẹ́ dáadáa títí a ó fi gbé bàbá jókòó sínú ọkọ̀. Ká tó dé ìyànà àkọ́kọ́, á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ooru á máa fẹ́. Bí mo bá tún yọ ọ́, tí mo dán an wò nínú omi híhó lórí tábìlì iṣẹ́ mi, á ṣí, á tì, bí ọmọ tó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ǹ bá fi rẹ́rìn-ín ni, bí kì í bá ṣe ti àìsàn ọkàn tó ń bá bàbá jà. A gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, dókítà sì ti na ìka sí mi lójú: "Ẹ má jẹ́ kí ooru mú bàbá yìí o. Ooru lè dá ọkàn wọn dúró." Àmọ́ bàbá kò gbà láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Dírẹ́bà ni wọ́n, ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi kó èrò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ihò kan ṣoṣo ni ooru náà ń gbà jáde, ihò tó dojú kọ ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ibẹ̀ ni màmá wa máa ń jókòó sí kí wọ́n tó kú. Òtútù kì í wọ́n lára màmá. Nínú oòrùn ganrínganrín, wọ́n á ní ká tan hítà. Látìgbà tí a ti sin wọ́n, bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni bàbá fúnra wọn ń jókòó sí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ìjókòó òfìfo náà. Nílé, wọn kì í dá wa lóhùn ju "hùn" lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn," ni àbúrò mi ọkùnrin wí. Òun ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí. Kíákíá là ń pè é, torí kì í jẹ́ kí ìbéèrè parí kó tó dáhùn.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni mo wí. "Mo ti mọ ohun tí màá ṣe sí i."

Mo yọ họ́ọ̀sì méjèèjì tó ń gbé omi lọ sínú hítà, mo sì dí ojú ọ̀nà omi náà pa. Kò sí fáàfù mọ́, kò sí omi. Mo fọwọ́ kan hítà kí a tó gbéra, ó tutù nini.

Èmi náà bá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti bàbá lẹ́yìn. Òjò ń rọ̀. Bàbá béèrè ohun tí wọ́n máa ń bi àwọn èrò wọn látọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n:

"Ṣé a ti pé?"

"A ti pé!" ni Kíákíá dáhùn.

A kò tíì rìn jìnnà tí ooru fi bẹ̀rẹ̀. Mo na ọrùn wo iwájú. Gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó òfìfo náà ṣú, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sí i. Ó mọ́. Ó tún ṣú. Orí mi wú, ẹ̀rù bà mí gidi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Nígbà tí a ń kúrò ní itẹ́ òkú lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá béèrè bóyá a ti pé, Kíákíá sì dáhùn pé a ti pé, bí ẹni pé màmá wà láàrin wa, kí n tó bò ó lẹ́nu. Nínú ọkọ̀ bàbá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá sọ pé, "A ti dé o, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n lè gbá ọmọ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ṣáájú létí. Àmọ́ ẹkún ni wọ́n sun délé lọ́jọ́ náà. A kàn gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, màmá kò sì tíì bọ́ sílẹ̀.

Bàbá di àyà mú. Òógùn bo ojú wọn, èémí wọn ń já.

"Dúró!" ni mo kígbe.

Kíákíá yà sí iwájú ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì. Mo bẹ́ sínú òjò, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Màámi, a ti dé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Tìmùtìmù ìjókòó náà, tó ti rì sísàlẹ̀, gbéra díẹ̀díẹ̀. Ooru dáwọ́ dúró. Mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, a sì sáré gbé bàbá dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ṣe ohun tó yẹ, ọkàn bàbá sì padà bọ̀ sípò. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ń wí fún ara mi pé mo ti borí.

Nígbà tí a fẹ́ padà sílé, bàbá ṣí ilẹ̀kùn iwájú fúnra wọn. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìjókòó náà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ́.

"Níbo lẹ já ìyá yín sí?"

N kò lè purọ́. "Ilé epo tó wà lójú ọ̀nà ni, Bàámi. Ooru yẹn fẹ́ pa yín."

"Ilé epo." Wọ́n wo òjò. "Ìyá yín ò mọ ọ̀nà ilé láti ibẹ̀."

Bàbá rọra wọlé sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ nu gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn kó lè mọ́.

"Rọra wà á," ni wọ́n sọ fún Kíákíá. "Ẹ jẹ́ ká máa wo ẹ̀gbẹ́ títì."