Ọmọ Tó Ń Gba Gbogbo Rẹ̀

"Ẹ má ṣàlàyé kankan fún mi, tíṣà. Máàkì ni mo wá gbà!"

Bàbá ọmọ náà ò tilẹ̀ jókòó. Gíríìsì iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì ń fi ìka lu tábìlì tíṣà ìṣirò kọ́kọ́kọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé girama ló ti ń gba ipò kìíní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àkọ́kọ́. Àmọ́ ní tọ́ọ̀mù yìí, ìṣirò tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ò ní ṣì ni òun ń ṣì.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀ ná."

"Kí n fara balẹ̀ kẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ń fò. Lọ́dún yìí, ó ń rákò! Mo ti bá ilé-ìwé mìíràn sọ̀rọ̀. Lọ́la ni mo máa mú un lọ."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ọ̀gá àgbà ti pè é láàárọ̀, kò sì fi epo bọyọ̀: "Tí ọmọ yẹn bá lọ, àrà tí ẹ ń dá yẹn á bá a lọ." Àrà ọ̀hún ni pé tíṣà kì í kọ máàkì sórí iṣẹ́ ọmọ kankan mọ́, inú ìwé tirẹ̀ nìkan ló ń kọ ọ́ sí. Ibi tí ọmọ bá ti ṣìnà ló ń kọ̀wé sí, á sọ ohun tó ṣe dáadáa, á sì fi ọ̀nà hàn án, kí ọmọ tún un ṣe. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Aláròyé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn tí ìṣirò ń lé kiri tẹ́lẹ̀ ti ń rí ojú ẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló ń kùnà?

Ó kó iṣẹ́ ọmọ náà síwájú bàbá. "Ẹ wo ti ọ̀sẹ̀ yìí. Odindi ojú ewé ni mo kọ fún un."

Bàbá ṣí i padà sẹ́yìn. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tọ́ọ̀mù ni. Ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀, tíṣà sì kọ "Ó dára" sísàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, "Ó dára." Òmíràn, "Ó dára." Ẹ̀yìn ìyẹn ni àṣìṣe bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà gbé ìwé náà sójú fèrèsé. Lábẹ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ó rí ipa pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi rọ́bà pa rẹ́. Ìdáhùn tó tọ̀nà gan-an ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tí o fi pa á rẹ́?"

Àkọ́kọ́ sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Dá wọn lóhùn!" ni bàbá pariwo.

"Ẹ máa ń kọ̀wé gígùn fún gbogbo èèyàn, mà," ni ọmọ náà wí. "Ẹ kọ ìbéèrè sínú ìwé ọ̀rẹ́ mi pé báwo ló ṣe ronú débẹ̀. Tèmi, 'ó dára' ṣáá ni. Mo rò pé ẹ kì í kà á. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣì í, ẹ kọ̀wé kún ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mo kà á títí."

Bàbá rọra jókòó. "Yéè! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé," ni tíṣà wí. Ojú tì í. "Ó ń ṣípá sí mi, èmi rò pé apá ló ń dùn ún." Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, tíṣà kì í kà á. Tó bá ti rí i pé ìdáhùn tọ̀nà, ìwé ẹlòmíì ló kàn.

Akọ̀wé ọ̀gá àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní kí ẹ mú máàkì ọmọ yẹn wá, kí bàbá ẹ̀ lè máa mú un lọ."

Tíṣà ò wò ó. Ó fa iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tọ́ọ̀mù tí ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀, ó kà á láti ìlà kìíní. Ó dúró níbì kan.

"N kò kọ́ yín lọ́nà yìí. Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni mo ronú ẹ̀, mà."

"Ṣé ibi gbogbo ló ti lè ṣiṣẹ́?"

"N kò mọ̀, mà," ni Àkọ́kọ́ wí, ó sì na ọwọ́ sí pẹ́ńsùlù kó lè dán an wò.

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí akọ̀wé.

"Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n ní sùúrù. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."