Ṣòkòtò Péńpé Inú Báàgì

Kí fíìmù tí wọ́n fi ìtàn Ṣìkẹ́mi ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, Tìmílẹ́yìn tó ṣe é kìlọ̀ fún Ṣìkẹ́mi. "Àǹtí, mo yí ìparí ìtàn yín padà díẹ̀ o. Èèyàn kì í sanwó wá wo ẹni tó ṣubú."

Ṣìkẹ́mi ò bá a jà. Aránṣọ ni ní Ọjà Ọba. Ó mọ̀ pé oníbàárà ló ń sọ bí aṣọ ṣe máa rí. Nǹkan kan ṣoṣo ló tìtorí ẹ̀ lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Oǹdó: kí arúgbó wo ìtàn náà, kó sì sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Ẹ̀bi mi ni."

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Ṣìkẹ́mi ń kiri ẹ̀kọ ní Oǹdó. Reuben, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní eré sísá nílé ìwé, rí i níbi tó ti ń lé ewúrẹ́ tó gbé ẹ̀kọ rẹ̀ sá, ó sì pariwo pé, "Ewúrẹ́ yìí ti kú!" Lẹ́yìn oṣù méjì tó fi kọ́ ọ, Ṣìkẹ́mi fi ẹsẹ̀ lásán àti síkẹ́ẹ̀tì fi àwọn tó wọ bàtà eré sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ku àṣekágbá ní Àkúrẹ́, irinwó mítà. Ipò kìíní nìkan ló ń lọ sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè.

Reuben ra ṣòkòtò péńpé fún un. Ìyá rẹ̀ fi ìka méjì gbé e sókè bí òkú eku.

"Kí lèyí?"

"Ṣòkòtò eré ni, Màámi."

"Èmi olórí ẹgbẹ́ obìnrin? Ìyàwó Dúrótoyè wọ ṣòkòtò lọ sóko lásán, oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run tó fún ọ lẹ́sẹ̀ mọ̀ pé síkẹ́ẹ̀tì lo ń wọ̀."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán síkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó jẹ́ kó gùn dé kókósẹ̀, torí ojú máa pọ̀ ní Àkúrẹ́. Ṣìkẹ́mi ki ṣòkòtò bọ inú báàgì. Ó ń wo báàgì náà títí wọ́n fi pè wọ́n síbi ìlà. Kò wọ̀ ọ́. Òun ló ṣíwájú títí ó fi ku bí ogún mítà, ni síkẹ́ẹ̀tì bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ fọ́.

"Ọlọ́run ò fẹ́ ni," ni ìyá rẹ̀ wí. Ohun tó ń wí látìgbà náà nìyẹn, orúnkún náà sì ń dùn ún bí òjò bá ti ṣú.

Nínú fíìmù, kò sí báàgì, kò sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ìyá ọmọ ló fi ṣòkòtò péńpé lé e lọ́wọ́, tó tún gbàdúrà fún un. Ọmọ fi àyà já okùn. Gbọ̀ngàn hó.

Ṣìkẹ́mi yíjú. Ìyá rẹ̀ ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omijé ń dà. "Sáré, ọmọ mi! Sáré!"

Nígbà tí iná tàn, ó fi etí gèlè nujú, ó di ọwọ́ Ṣìkẹ́mi mú.

Ìyá rẹ̀ kọjú sí obìnrin tó jókòó tì wọ́n. "Ọmọ mi yìí ni wọ́n fi ṣe é. Èmi náà ni mo fi ṣòkòtò yẹn lé e lọ́wọ́."

Ṣìkẹ́mi wá irọ́ lójú rẹ̀. Kò sí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Màámi. Ọkọ̀ Oǹdó máa tó tán."

Níbi àtẹ̀gùn, bí Ṣìkẹ́mi ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Yára díẹ̀, eléré ìje."