Álọ́ọ̀mù Nínú Abọ́ Ẹja

Ọmọ ẹja mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló sùn sí ìsàlẹ̀ abọ́ tánganran náà láìmira, omi orí wọn sì mọ́ gaara. Beatrice ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n. Ó kan gógó.

"Ìyá Dára! Ta ló fi álọ́ọ̀mù sí omi ẹja mi?"

Ìyá Dára tó ń gbá láàbù dúró, ó gbé ìgbálẹ̀ sẹ́yìn. "Èmi ni, Àǹtí. Ọ̀gá ní omi náà rú, pé àlejò ò gbọdọ̀ bá a bẹ́ẹ̀. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe omi odò nílé kí a tó mu ún? Ẹ wò ó, ó mà mọ́!"

"Ó mọ́ lóòótọ́, Ìyá Dára. Ó mọ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè mí nínú rẹ̀ mọ́."

Ìyá Dára wo inú abọ́. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Beatrice ò ráyè sunkún. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń fọ ìgò láàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yìí, ní Fìdítì, ìwé mẹ́fà péré ló sì kà. Dókítà kan tó ń kó lọ sí òkèèrè ló fi àwọn ẹja kéékèèké kan ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ẹja tó nílà lára bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà inú ìwé àwòrán, òun pẹ̀lú ìwé kan nípa wọn. Ọ̀gá Àbọ̀dé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní wọn ò tó ohun tí a ń dín. Beatrice ka ìwé náà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ibẹ̀ ló ti kà pé bí ọmọ ẹja náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ara rẹ̀ á mọ́ bíi gíláàsì. Bí a bá ṣá a nírù díẹ̀, èèyàn lè rí ohun tí ara ń ṣe sí ọgbẹ́, lójú ayé. Ó gbìyànjú ẹ̀, ó rí i. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ẹnu ọ̀nà láàbù lákòókò ìsinmi. Ọ̀gá Àbọ̀dé bá kọ̀wé ẹ̀sùn sí Ìbàdàn: afọgò ti sọ ara rẹ̀ di tíṣà.

Òní ni alábẹ̀wò tí wọ́n rán láti Ìbàdàn ń bọ̀. Bí òun kò bá rí nǹkan fi hàn án, wọ́n á da àwọn ẹja àgbà tó wà nínú abọ́ kejì nù, wọ́n á sì dá òun náà padà sí Akínmọ̀rin, sídìí ẹ̀gẹ́ bíbó.

Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ń fi í yí àwọn òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́bàá etí abọ́, ó rí ẹyọ kan tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Ó gbé e sínú omi òjò.

Láago mẹ́wàá, Ọ̀gá Àbọ̀dé mú alábẹ̀wò wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ìwé ẹ̀sùn náà há abíyá.

"Ẹ ò rí i, sà," Ọ̀gá Àbọ̀dé ní, "gbogbo rẹ̀ ti kú. Eré ọmọdé ni."

"Gbogbo rẹ̀ kọ́, sà," Beatrice dáhùn. "Ó ku ẹyọ kan tí álọ́ọ̀mù yín ò rí pa."

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwé-ẹ̀rí wo lo ní?"

"Ìwé mẹ́fà, sà. Ẹja náà ò tíì bi mí léèrè rẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀?" Ọ̀gá Àbọ̀dé pariwo.

"Ẹ ti gbọ́ ẹnu mi, sà. Ẹ wá fojú wò ó."

Ó kán omi sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó tẹ́ ẹja sínú rẹ̀, ó yí dígí máíkírósíkóòpù sí ojú fèrèsé. Bíléèdì tuntun tó fẹ́ fi ṣá a nírù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bojú wò ó. Ó rọra gbé bíléèdì sílẹ̀. Álọ́ọ̀mù ti jẹ etí ìrù náà, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó fojú lé ẹnu máíkírósíkóòpù náà.

"Àwọn wóró kéékèèké tó ń rá lọ síbi ọgbẹ́ yìí ńkọ́?"

"Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni, sà. Àwọn ló ń jẹ kòkòrò àrùn. Níbi tí wọ́n bá pé sí lára tiwa ló ń pọ́n tó ń wú. Bẹ́ẹ̀ àwa á ní ọ̀tá ló fi oògùn ta wá lẹ́sẹ̀! Ara wa ló ń jà fún wa."

Àlejò náà ò gbójú kúrò. Ó fa ìwé ẹ̀sùn náà yọ lábíyá, ó nà án sẹ́yìn sí Ọ̀gá Àbọ̀dé. "Ẹ gba ìwé yín, Ọ̀gá. Ẹ má da ẹja kankan nù." Ó tún wò ó títí. "Ọmọ ọjọ́ mélòó ni?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Kò tíì ṣàìsàn rí, nígbà náà. Ta ló wá kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí pé ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ?"

Láti àárọ̀, èsì kì í pẹ́ lẹ́nu Beatrice. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ kọ́kọ́ wò ó. Ó gba ipò àlejò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí máíkírósíkóòpù fúnra rẹ̀. Wóró kan há sí ibi tóóró, ó fún ara rẹ̀ pọ̀, ó kọjá, ó ń lọ.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ọ̀gá Àbọ̀dé wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ sún, kí èmi náà wò ó."

Beatrice kò sún. Ó ṣì ń wò ó.