Fìlà Tó Ní Ihò Etí

Ọjọ́ Sátidé ni lẹ́tà Hilda, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tẹ Sìmíátù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kó dé. Christopher, ọkọ Hilda, ló mú un wá láti Yábàá. Iṣẹ́ kó máa pín lẹ́tà ni Christopher ń ṣe jẹun. Bí lẹ́tà bá jẹ́ ti àjèjì, oòrùn kì í tíì mú tí yóò fi gbé e dé ojúlé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló rán an níṣẹ́, àfi bíi pé ẹ̀yìn ìjàpá ló gùn.

"Sìmí, jọ̀ọ́, má bínú," ó ní, ó ń họ orí. "Láti àná ló ti wà lápò mi. Mo ní kí n wo bọ́ọ̀lù díẹ̀, òjò dé, mo sá sí búkà kan. Ìwọ náà sì mọ̀ pé èèyàn kì í sá sí búkà kó máa wo àwo lásán."

Sìmíátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Múṣín, òwú pupa wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ kan ya àpò lẹ́tà náà, ó sì kà á:

"Sìmíátù ọ̀wọ́n, má tíì fún ẹnikẹ́ni ní fìlà yẹn o! Mo ti rí odidi ìwé náà. Kì í ṣe fìlà. Aṣọ ìkòkò tíì ni. Òyìnbó ló ń fi bo ìkòkò kí tíì inú rẹ̀ má baà tètè tutù. Inú ihò kan ni ẹnu ìkòkò máa ń gbà yọ, inú ìkejì ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbà yọ. Èmi ni, Hilda."

Sìmíátù yí ìwé náà padà bóyá Hilda kọ ọ́ sẹ́yìn pé eré lòun ń ṣe. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

"Ó parí," ó ní.

"Kí ló parí?"

"Ó ti wà lórí èèyàn."

"Orí ta ni?"

"Orí bàbá ọkọ mi."

"Ọkọ wo? Ìgbà wo lo lọ́kọ?"

"Àná."

Christopher wo ojú rẹ̀, ó wo lẹ́tà, ó fò sórí kẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí kò bá mọ Sìmíátù lè rò pé nǹkan ń ṣe é. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni, ní ilé-ìwé kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí ìwé kíkà di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n òwú ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Bí wọ́n bá tò nídìí ẹ̀rọ omi, á máa hun. Bó bá wọ bọ́lẹ̀kájà, á máa hun. Ọjọ́ kan ló hun etí gèlè obìnrin tó jókòó tì í mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ bọ́ sílẹ̀ ní Ìpọ̀nrí bí ìbejì alásopọ̀. Oòrùn á mú, òógùn á máa yọ lára ògiri, Sìmíátù á máa hun ẹ̀wù òtútù. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni yóò wọ̀ ọ́ ní Èkó, á ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ná."

Ó ti hun ẹ̀wù fún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ó ti hun ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ọjọ́ tó rò pé ẹsẹ̀ àga lè máa tutù lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí òjò pọ̀, ó hun ẹ̀wù fún ewúrẹ́ ilé. Ewúrẹ́ náà wọ̀ ọ́ títí di ọ̀sán, ó sì jẹ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì.

Ẹ̀wù òtútù àlòkù ló máa ń rà, á tú u, á fọ òwú rẹ̀, á sì ká a mọ́ ẹ̀yìn àga kó lè nà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Mùktárù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ti rà á.

"Sípóòkù méjì péré?" Mùktárù bi í lọ́jọ́ náà. "Kẹ̀kẹ́ wo ló ń lo sípóòkù méjì?"

"Kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Ẹ bá mi pọ́n ẹnu rẹ̀, kó mú díẹ̀."

Ó pọ́n ọn. Lọ́sẹ̀ kejì Sìmíátù padà wá, ó ní ó ti mú jù. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ní kò mú tó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, Mùktárù ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti abẹ́rẹ́.

Bàbá Mùktárù, ìyẹn Bàbá Yẹ̀kínnì tó ń ta pákó, ló kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ tó ń fi abẹ́rẹ́ méjì bá òwú jà láti àárọ̀ dalẹ́," Bàbá ní, "ìgbà wo ni yóò ráyè ro ọkà?"

Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé fún un, torí pé Bàbá kì í gbọ́ràn dáadáa. Gbogbo ilé gbà pé ariwo ẹ̀rọ tó ń la gẹdú ló di í létí.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí Sìmíátù ra àkàrà. Bébà ìwé ìròyìn àwọn obìnrin òyìnbó ni alákàrà fi wé e. Sìmíátù jẹ àkàrà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bébà. Ó rí i pé wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan kan, ìlà dé ìlà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan náà sí ti ya, òróró sì ti mu àwòrán rẹ̀ yó. Ohun tó kù tí ojú lè rí ni nǹkan róbótó kan tó ní ìdì òwú lókè ténté. Nǹkan róbótó tí wọ́n fi òwú hun, kí ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe fìlà? Ìwé náà ní kó dá ihò kan sí ọ̀tún, kó dá ọ̀kan sí òsì. Sìmíátù fọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì, ó sì mi orí.

"Òyìnbó gbọ́n," ó ní.

Ó kọ̀wé sí Hilda, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé kan ní Yábàá, pé òun ti rí fìlà tí òun yóò fi tu Bàbá Yẹ̀kínnì lójú. Ó ní bí Hilda bá rí irú ìwé ìròyìn náà, kó bá òun wo àwọ̀ tó dára jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni òun àti Mùktárù gbé fìlà lọ. Bàbá bọ́ fìlà àtijọ́ rẹ̀, èyí tó tóbi jù ú lọ, tó máa ń já bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì dé tuntun. Orí rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ayálégbé méjì tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Bàbá dẹtí sílẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ó gbọ́ ẹni tó ń gún ata ní ilé kejì. Ó tún gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń bi èèyàn nínú ilé pé, "Ṣé olórí kunkun yẹn ò tíì lọ sí mọ́ṣáláṣí ni?"

"Ta ni olórí kunkun?" Bàbá ké.

Abọ́ já bọ́ nínú ilé. Ogún ọdún nìyẹn tí Bàbá kò ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ ìlagẹdú kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Fìlà àtijọ́ ló di í létí! Bàbá gbàdúrà fún Sìmíátù títí ẹnu fi ro ó, ó ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́ yìgì. Ó sì dé fìlà tuntun lọ kírun Jímọ̀, ìdì òwú ń jó lókè orí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Sìmíátù fi sáré dé ṣọ́ọ̀bù Mùktárù ní Sátidé láìwọ bàtà.

"Ìkòkò tíì?" Mùktárù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. "Bàbá mi ti di ìkòkò tíì!"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Mùktárù. Ọjọ́ wo ni ìyàwó ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí yàrá tuntun ní ilé-ìwé wa?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Mùktárù. Ọjọ́ Túsìdeè ni. Bàbá Yẹ̀kínnì ló fi pákó ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ, òun ni wọ́n sì yàn pé kó kí obìnrin òyìnbó náà káàbọ̀.

"Bàbá ní fìlà yẹn lòun máa dé," Mùktárù ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ó ní òun máa bọ́ ọ fún un kó fọwọ́ kàn án, kó mọ̀ pé Múṣín náà lajú."

"Yéè! Obìnrin yẹn á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ní irú rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Bàbá."

"Kí yìgì fọ́? O ò mọ Bàbá ni? Wò ó, màá jí i."

"Ẹ máa jí kí ni?"

"Fìlà náà."

"Ìgbà wo ló máa ń bọ́ ọ?"

Mùktárù ronú. "Kò tíì bọ́ ọ. Ó fi sùn ni. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ tí olè bá wọlé."

Ni Sìmíátù bá mú òwú pupa, ó hun òmíràn tí kò ní ihò kankan. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kò ti gbójú sókè. Kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e lọ fún Bàbá. Bàbá dé e, ó wo dígí.

"Ó dáa o," ó ní.

"Bàbá, èyí gan-an ló yẹ yín jù," Mùktárù ní.

Bàbá wò ó lẹ́nu. "Kí ló ń ṣe ọ́ tí ò ń yanu lásán bí ẹja?"

"Mo ní èyí ló yẹ yín jù!"

Bàbá bọ́ fìlà náà, ó jù ú sí i láyà, ó sì tún dé elétí rẹ̀. "Ẹ gbé èyí fún ọ̀tá mi. Ẹni tó bá tún di etí mi, Ọlọ́run ni yóò dá a lẹ́jọ́."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí ilé-ìwé ṣe jáde, Sìmíátù mú ọ̀nà ibi tí Bàbá Yẹ̀kínnì ti ń ta pákó pọ̀n. Mùktárù ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ti ní bóyá òjò á rọ̀ tí òyìnbó ò ní lè wá, bóyá ojú obìnrin náà ò tilẹ̀ ríran dáadáa. Sìmíátù ti fojú inú rí ara rẹ̀ nínú ilé Mùktárù: àga lójú fèrèsé, òwú nínú apẹ̀rẹ̀, òun ń hun, ọkọ ń pọ́n abẹ́rẹ́. Àwòrán dídára ni, kò sì fẹ́ kó ya.

Bàbá jókòó sórí pákó, fìlà wà lórí rẹ̀. Sìmíátù kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́. Má pariwo, mo ń gbọ́."

Ó sọ ọ́, láti orí àkàrà dé orí lẹ́tà. Bàbá bọ́ fìlà, ó gbé e sórí orúnkún, ó ki ìka bọ ihò ọ̀tún.

"Ẹnu ìkòkò ló ń gba ibí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gba ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìkòkò tó ń gbóná yòò, òtútù wo ló tún ń mú un?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Nǹkan òyìnbó ni."

"Mo dé e lọ kírun! Àwọn bàbá mẹ́ta ló bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń tà á!" Ó mí kanlẹ̀. "Mùktárù, jáde lẹ́yìn pákó. Láti ìgbà tó o ti dé ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bó o ṣe ń mí."

Mùktárù jáde, ìyẹ̀fun pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Kò mọ ibi tó máa wò.

Bàbá na ìka sí Sìmíátù. "Gbọ́. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé fìlà yìí ni n óò dé lọ́la. Èmi Yẹ̀kínnì kì í kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tí òyìnbó bá rẹ́rìn-ín, n óò bá a rẹ́rìn-ín. Tí o bá dákẹ́ báyìí, yìgì yín kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ní o fẹ́ gba fìlà lórí mi, tí o fi mí ṣe ọmọdé lójú ọmọ mi, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi àtijọ́ ló dúró. Ọmọ olówùú ò ní wọlé mi. Èwo nínú méjèèjì?"

Mùktárù ń mi orí lẹ́yìn Bàbá bí alángbá, ó ń fi ìka di ẹnu ara rẹ̀ pé kó dákẹ́, kó ṣáà dákẹ́.

Sìmíátù kò wò ó. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ ọmọ yín gan-an, ilé yín sì ni, ẹ lè tì mí síta," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín kí n lè rí ọkọ fẹ́. Ẹ ò ní dé e lọ́la. Ẹ gbé e wá, kí n tú u."