Ó Di Ọ̀la Ká Tó Ka Òkú Ẹ̀fọn

Ẹ̀fọn ni mò ń fi ẹnu fà tí mo fi ń jẹun. Kì í ṣe pé mò ń gbé wọn mì o. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, a ti fi àwọ̀n dí i nínú. A ó rọra fa ẹ̀fọn sínú rẹ̀, a ó sì fẹ́ ẹ sínú ike tí a fi bébà olóògùn tẹ́ yí ká, ká lè mọ̀ bóyá oògùn tó wà lára nẹ́ẹ̀tì ṣì ń pa wọ́n. Ọmọ àbúrò mi a máa pè mí ní Màámi Ẹlẹ́fọn, a sì rẹ́rìn-ín títí yóò fi di inú mú.

Alága là ń pe ọmọ náà, torí láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n jókòó ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ mọ́. Ibà ló pa á.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọkọ àbúrò mi dúró láàárín ilé, ó ní ìyàwó òun ló fà á, pé kò so nẹ́ẹ̀tì fún ọmọ. Ó ní ẹ̀fọn wo ló máa wọnú nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí kò ní kú? Àbúrò mi kò fọhùn. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbá ọkùnrin náà létí níwájú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn.

Mo lọ bu tanwíjí nínú kòtò omi tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Mo tọ́ wọn títí wọ́n fi ń fò, mo ṣa àwọn abo sọ́tọ̀, torí abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Mo wá ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà síbi iṣẹ́ mi.

Nígbà tí wọ́n dé, mo fẹ́ àwọn ẹ̀fọn náà sínú ike tí a fi bébà olóògùn tẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo wọn ti ṣubú, wọ́n nà gbalaja, wọ́n kọ ẹsẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ti fojú ara yín rí i," ọkọ àbúrò mi wí. "Oògùn ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ní sùúrù. Ó di ọ̀la ká tó ka òkú."

"Kí ló kù tí òkú máa ṣe lọ́la?"

Mo kó wọn sínú ike tó mọ́, mo fún wọn ní òwú tí mo tẹ̀ bọ omi ṣúgà. Àbúrò mi tẹjú mọ́ àwọn ẹ̀fọn tó sùn sílẹ̀ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń dùn ún, mo gbà á mọ́ra, mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dìde. Wọ́n ń fò kiri inú ike bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe wọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà láìfi oyin sí i: oògùn yìí kàn ń dá wọn lóòyì ni, kò pa wọ́n mọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Alága, jọ̀ọ́, má bínú. Kì í ṣe ìwọ."

Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Àbúrò mi kò tiẹ̀ wò ó. Ike ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, bí ẹni tó ń béèrè omi, "mo rí ọ̀kan nínú nẹ́ẹ̀tì Alága. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó kọ ẹsẹ̀ sókè báyìí. Inú mi tiẹ̀ dùn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Torí mi ò fẹ́ kí ọmọ jí, mi ò gbọ̀n ọ́n dànù. Mo ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ fóòmù yí ká, mo rí i pé kò sí àlàfo kankan."

Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ṣé ìyẹn náà dìde?"

Mo wo ojú àbúrò mi, mo sì purọ́ fún un.

"Rárá. Ìyẹn ti kú."

Ó gbọ́wọ́ lé ike náà. Àwọn ẹ̀fọn ń bà lé ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó di ọ̀la?"

Mo jókòó ti ọkọ rẹ̀ sórí símẹ́ńtì, mo bú sẹ́kún.