Ojú Alhaja Àwáwù

Kí Labeebah tó di ẹni tí wọ́n ń wá káàkiri Ẹdẹ, káàdì yìgì àti kàlẹ́ńdà ló ń ṣe. Ó kàwé jáde ní Pólì, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ilé wọn, ó sì gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Títí di òní, iṣẹ́ náà kò yé ìyá rẹ̀. Bí àlejò bá bèèrè, wọn á ní, "Ó ń tẹ nǹkan."

Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wọn ló kó o wọ ọ̀rọ̀ àdúgbò. Àwọn èèyàn ti sọ ibẹ̀ di ààtàn. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, bàtà onílé àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà á jọ máa léfòó nínú yàrá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣèpàdé lórí ẹ̀, Labeebah ní òun á ṣe bánà ọ̀fẹ́. Ó ya òdòdó sí àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ilẹ̀ síbí." Wọ́n da ilẹ̀ sí i. Ó ya agbárí òkú sí èkejì. Ẹnì kan sá aṣọ ọmọ lé e lórí.

Inú bí Labeebah gan-an. Ó sì bọ́ sí àkókò tó ń ṣe kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí fún Alhaja Àwáwù, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Agbára káká la fi máa rí ẹni tí kò jẹ pàṣán Alhaja rí ládùúgbò náà. Àwọn ọmọ wọn ti ní kí Labeebah yọ àwòrán kan kúrò, pé màmá le ojú jù nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Labeebah kò pa á rẹ́. Ó sọ ọ́ di bánà gàgàrà, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: MO RÍ Ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ sétí gọ́tà, Ràṣídì mẹkáníìkì, tó ti ní ọmọ-ọmọ, gbé àpò ìdọ̀tí dé. Ó gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ mà!" Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé bánà ni. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ilé lọ. Labeebah tó ń yọjú lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí gọ́tà fi mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ náà tí Alhaja fi ránṣẹ́ pè é. Labeebah rántí pé òun kò gba àṣẹ. Ó rọra wọlé tọ̀ wọ́n.

"Ìwọ lo gbé mi sétí gọ́tà?"

Labeebah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

"Kí n má bínú kẹ̀? Gèlè mi wọ́ nínú ẹ̀! Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló ń kọjá níbẹ̀, gèlè mi wọ́! Gbé kámẹ́rà ẹ wá. Mo sì fẹ́ kí pàṣán hàn."

Bí wọ́n ṣe di ẹlẹgbẹ́ nìyẹn. Àwọn ọlọ́jà Sekona ní kí wọ́n bá àwọn fi ojú Alhaja sára ògiri tí àwọn awakọ̀ ń tọ̀ sí. Mọ́sálásí kan fẹ́ ẹ nítorí àwọn tó ń jí bàtà. Àwọn tó sì wá nítorí ojú Alhaja gbé iṣẹ́ tiwọn náà fún Labeebah. Alhaja kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá.

"Ti Sekona yìí," wọ́n á ní, "ṣé bí mo ṣe ń wo ẹni tó pẹ́ dé ni, àbí bí mo ṣe ń wo ẹni tó jíwèé wò?"

Àfi ìgbà tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Alajue ní kí Alhaja rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi pe àwọn ìyá ọlọ́mọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wàhálà dé. Eyín Alhaja hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò gbà. Labeebah pa àwàdà tì, ó ṣe ojú ọ̀bọ tì. Nígbà tó sú u, kò mọ̀gbà tó pariwo:

"Ẹ jókòó dáadáa! Orí sókè! Mo ní kí ẹ rẹ́rìn-ín, àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Labeebah fọwọ́ bo ẹnu. Alhaja wò ó, wọ́n tún un wò. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Yéè! Ohùn mi lo fi bá mi wí!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gèlè já bọ́, Labeebah sì ń tẹ kámẹ́rà lọ ràì.

Àwòrán náà dé Alajue, àwọn ìyá sì pọ̀n ọmọ wá. Obìnrin kan dúró níwájú ẹ̀, ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Màmá yìí mà dáa o. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Sekona sọ̀rọ̀, kí ìyẹn náà tújú ká díẹ̀."