Ẹ̀wù Òjé

“Ìyàwó wa, bá wa mú bírò o,” ni ọ̀gá wí, kí wọ́n tó ṣí ìpàdé.

Bírò tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun nílé ìwòsàn náà, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó san owó orí rẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fi kásẹ̀ ìpàdé nílẹ̀. Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù òjé, ẹ̀wù wíwúwo tí wọ́n máa ń wọ̀ ní tíátà kí ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán eegun má baà wọ̀ wọ́n lára. Ó gbé apá sókè. Ihò apá ẹ̀wù náà fẹ̀ débi pé ìkúùkù lè gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí ohun tó bo ẹ̀gbẹ́ ọmú rẹ̀.

“Ìwọ̀n ara ọkùnrin ni wọ́n fi rán èyí, sà. Ẹ jẹ́ kí a ṣèwádìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wọn ìtànṣán tó ń gba ibí wọlé. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bíi bàbá. “Ìwádìí tó kan gbogbo èèyàn là ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí.”

“Àwa obìnrin ò lè pọ̀ tí ẹ ò bá gbà wá síṣẹ́, sà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ apá yẹn sílẹ̀ ná,” ni igbákejì ọ̀gá wí. “Ohun tí ojú wa ń rí ò jẹ́ ká gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ ọmọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Ọmọkùnrin náà ni wọ́n sì fún ní ipò tó tọ́ sí olùkọ́ rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò gbà.

“Sọ fún wọn pé o ò wọ̀ ọ́ mọ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí nílé.

“Wọ́n á ní obìnrin ò lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibi tó ti ń wẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti bá kókó kan pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú, níbi tí ihò apá ẹ̀wù náà máa ń ṣí sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó tó ṣan ọṣẹ kúrò lára, ó ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n inú tó bí i ju ẹ̀rù lọ. Ta ló lè búra pé ìtànṣán ló fà á? Ìwádìí tí ì bá sọ ọ́ ni wọ́n kọ̀.

Wọ́n gé ọmú náà. Apá rẹ̀ wú, kò lè di òòlù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ eegun mú mọ́, ó sì fẹ̀yìn tì. Níbi ìdágbére, ọ̀gá pè é ní akọni obìnrin, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ará yòókù bá fẹ́ gbọ́n. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, dókítà tuntun kan jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, obìnrin, kékeré lọ́jọ́ orí. Ọ̀gá wo ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa tuntun, bá wa mú bírò o.”

Ó mú un. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó wọ tíátà lọ, ó sì gbé ẹ̀wù òjé kan ṣoṣo tó kù lórí ìkọ́ wọ̀. Bó ṣe na ọwọ́ sí iná òkè orí, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú.